Pásítọ̀ Tó Ní Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Bí mo bá ti rí kọ́là funfun tí àwọn àlùfáà máa ń wọ̀ sọ́rùn, pásítọ̀ wa ní Fìdítì ni mo máa ń rántí. Ó ní ẹ̀rọ tó fi ń bá wa lọ ẹ̀gẹ́. Bí agbowó-orí bá ti dé, á sáré wọ kọ́là, á ní, "Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kì í san owó-orí," á wá gbàdúrà fún wọn. Kó tó ṣe àmín, adìẹ mi á ti sàba, á ti pamọ.

Ìyá tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní kọ́là. Àwọn agbowó-orí ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó ní, "Pásítọ̀, ṣé ẹ̀rọ yín náà ti di àlùfáà ni?"

 Nígbà tí àwọn agbowó-orí padà wá, síngílẹ́ẹ̀tì ni pásítọ̀ wọ̀ jáde. Ó san tirẹ̀, ó san ti ìyá náà, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wá bèèrè pásítọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ni ẹ̀rọ."