Ọjọ́ Tí A Pààrọ̀ Gíláàsì Jíìpù ní Ṣakí

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ló sọ fún mi pé òkúta ló fọ́ gíláàsì iwájú jíìpù náà. Ó ní típà kan tó kó òkúta mábù bọ̀ láti Ìgbẹ́tì ló ń sáré níwájú òun lọ́nà Òtù, tí òkúta kan fò láti ẹ̀yìn rẹ̀ wá ba gíláàsì. Mo gbà á gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ojú ọ̀nà wa kún fún típà, àwọn awakọ̀ wọn kì í sì í bo ẹrù.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ló pè mí pé kí n wá wa òun lọ sí Ṣakí láti pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti jáde yunifásítì nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìsẹ́yìn. Akọ̀wé ló máa ń pè mí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà láti ìgbà tí mo ti wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo máa ń ti bíírò bọ irun, ló ti sọ mí ní Akọ̀wé. Èmi náà ń pè é ní Mọ́mì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ Ṣakí, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ gíláàsì wà nítòsí wa. Ó ní jíìpù olówó ńlá ni, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló yẹ kó kàn án, pé wọ́n ti júwe ẹnì kan fún òun. Ìdáhùn náà bọ́gbọ́n mu.

Ṣùgbọ́n kí a tó gbéra, mo fi àkísà nu ọkọ̀. Gíláàsì náà ti sán káàkiri bí òwú aláǹtakùn, níwájú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Mo fi ìka ra ojú rẹ̀ láti ìta, ó ń dán. Mo wọ inú ọkọ̀, mo tún fi ìka ra á, ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi, ìyẹ̀fun gíláàsì sì wà lórí dáṣíbọọ̀dù lábẹ́ rẹ̀. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n fi nǹkan bí ọ̀rá lẹ̀ pọ̀, ibi tí nǹkan bá ti gbá a ni ihò máa ń wà. Nínú ni wọ́n ti gbá èyí.

Mo wá ìtumọ̀ mìíràn fún un. Bóyá nǹkan kan ló fò lu gíláàsì nígbà tí ó tẹ bíréèkì lójijì. Ṣùgbọ́n nígbà náà, kí ni típà wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà? Mo ká àkísà, mo ṣíná ọkọ̀.

Àbúrò bàbá mi ló ni jíìpù náà. Òkè Ọya ló kú sí. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ ra màlúù, ó fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílé, àìsàn sì kọlù ú níbẹ̀. Kí ìròyìn tó kàn wá, wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí àwa mùsùlùmí ti máa ń ṣe. Aago ọwọ́ rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ ni wọ́n kó wá bá wa. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó rí òkú náà. A kò sì dé ibi sàréè rẹ̀ títí di òní, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ti di ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń sá fún.

Ìyẹn ló di ìṣòro nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà rí ọkọ. Nínú ilé wa, bí bàbá ọmọbìnrin kò bá sí mọ́, ìyá rẹ̀ máa ń lọ sídìí sàréè bàbá náà kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Yóò sọ fún un pé ọmọ rẹ ń lọ sílé ọkọ, yóò sì padà wálé. Àwọn ààfáà kan ń sọ pé kò sí nínú ẹ̀sìn. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ń lọ. Lọ́dún yẹn, àwọn ẹbí ọkọ ń wá bi wá léèrè ọjọ́, Mọ́mì ń sọ pé kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ sí i. Ọmọ ń sunkún, ìyá ò sọ ìdí. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n: kò rí ibi tí yóò dúró sí bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ tí à ń lọ sí Ṣakí. Eruku bo oko lọ́tùn-ún àti lósì, oòrùn wà lókè ṣùgbọ́n a lè tẹjú mọ́ ọn. A ti kọjá Òtù kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Akọ̀wé, bí a bá débẹ̀, má ṣe kí ọkùnrin yẹn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí."

"Ọkùnrin wo, Mọ́mì?"

"Wàá rí i. Má sì pe orúkọ kankan."

Nígbà náà ló wá sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbé aṣọ òfì lọ tà ní Ṣakí ló wá bá a, ó ní òun rí ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi gíláàsì sí ọkọ̀, lẹ́yìn ìlú. Ó ní òun fẹ́ kí i, ẹ̀rù ba òun, òun yí padà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí mo ti ń wakọ̀. Obìnrin náà kò mọ àbúrò bàbá mi dáadáa. Èèyàn jọ èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà mí láàmú kì í ṣe ìyẹn. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa àkúdàáyà ni pé bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí bá pe orúkọ rẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ kó yé e pé òun dá a mọ̀, yóò kúrò nílùú náà, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ rẹ̀ wà lórí iná. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú láti mọ òótọ́, yóò lé e lọ. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè dán wò, a kò lè pè é ní irọ́, a kò sì lè pè é ní òótọ́. Mo sọ èyí fún Mọ́mì. Ó ní òun kò wá dán nǹkan kan wò.

Ibi iṣẹ́ náà wà lábẹ́ igi emì kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ fọkanáísà. Wọ́n to gíláàsì ọkọ̀ ti ògiri lóríṣiríṣi, ńlá àti kékeré. Bí a ti ń wọlé bọ̀, mo rí jíìpù wa tó ń bọ̀ nínú gbogbo wọn. Inú gíláàsì ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, ó ń rìn kọjá láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ yọ sí wa.

Mo fi ara balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni ń yẹ ìṣirò wò. Gíga rẹ̀ bá a mu. Bí ó ti ń gbé orí sápá kan, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lábẹ́ ilẹ̀, bá a mu gan-an. Ó ní irùngbọ̀n. Àbúrò bàbá mi kì í dá irùngbọ̀n sí. Ohùn rẹ̀ ha, ṣùgbọ́n eruku lè mú ohùn ẹnikẹ́ni ha. Ohun kan ṣoṣo ló lè yanjú rẹ̀: ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì àbúrò bàbá mi tẹ̀ láti kékeré, nígbà tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin yìí wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gíláàsì wọ̀ ọ́.

Ó kí wa bí oníbàárà. Ó yọjú sínú ọkọ̀, ó fi ìka rẹ̀ kan ihò náà láti inú, ó wo Mọ́mì, kò sì bi wá léèrè ohun tó fọ́ ọ. Ó ní ẹnì kejì òun ti lọ síbi ìkómọ ní Àgọ́-Àmọ́dù, iṣẹ́ náà kò sì ṣeé dá ṣe, kí èmi bá òun fa wáyà. Mo ti ń ká ọwọ́ aṣọ mi sókè nígbà tí Mọ́mì dá mi dúró.

"Èmi ni n ó fà á."

Fọkanáísà tó jókòó lórí táyà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ rọra o. Ọkọ yín ò ní fẹ́ kí ẹ gbé ọwọ́ bíi tiwa délé."

"Ọkọ mi kì í bínú," ni Mọ́mì wí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Góòmù ló di gíláàsì mọ́ ara ọkọ̀. Ọkùnrin náà fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó dá góòmù náà lu ní igun kan, ó ti wáyà tín-ín-rín gba ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó so igi kúkúrú mọ́ orí wáyà méjèèjì. Ẹnì kan wà ní ìta, ẹnì kan wà nínú. Èyí á fà, ìyẹn á dẹ̀ ẹ́. Ìyẹn á fà, èyí á dẹ̀ ẹ́, títí wáyà á fi gé góòmù náà yí ká. Mọ́mì jókòó níwájú, ó di igi tirẹ̀ mú. Èmi wà ní ìjókòó awakọ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti gíláàsì kí ó má baà wó lù wá. Ọkùnrin náà dúró ní òdìkejì, àwọn ojú sísán náà sì pín ojú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, débi pé bó bá mira, ojú rẹ̀ á yí padà.

Wáyà náà ń dún bí ẹni tó ń hanrun. Wọ́n fà á títí wọ́n fi gé ẹ̀gbẹ́ kan tán. Mọ́mì kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ."

Wáyà dúró.

"Èyí àgbà ni," ni ọkùnrin náà béèrè láti òdìkejì gíláàsì, "àbí èyí tó tẹ̀lé e?"

"Èyí àgbà ni."

"Kí ni ọkọ ń ṣe?"

"Tíṣà ni. Wọn ò jìnnà sí wa."

Ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i. Ẹ fà á sọ́dọ̀ yín."

Mọ́mì fà á. Wáyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Obìnrin tó tó Mọ́mì lọ́jọ́ orí, ó ṣeé ṣe kó bí ọmọbìnrin ju ẹyọ kan lọ. Ẹnikẹ́ni lè béèrè èyí tó jẹ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣe àdúrà àlùbáríkà. Kò sí ohun tí ó sọ tí àjèjì kò lè sọ. Ṣùgbọ́n ó béèrè bí ẹni tó yẹ kó béèrè ni. N kò lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí níbikíbi, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí a gbé gíláàsì àtijọ́ kúrò, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ wọlé lù wá. Kò sí nǹkan kan mọ́ láàárín Mọ́mì àti ọkùnrin náà. Wọ́n wo ara wọn. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ gbójú sílẹ̀, ó lọ gbé góòmù tuntun.

Ó fi gíláàsì tuntun sí i, ó fi téèpù dè é mọ́lẹ̀. Ó ní kí a dúró kí góòmù di nǹkan mú kí a tó gbéra, kí a má ṣe pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, kí a sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí a ó fi délé, nítorí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ lè ti gíláàsì jáde. Ó wá ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún. Mo sún mọ́ ọn.

"Akọ̀wé," ni Mọ́mì wí, "lọ bá mi ra omi."

Omi wà nínú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Mo wò ó, òun náà wò mí. Mo lọ ra omi.

Nígbà tí mo padà dé, Mọ́mì àti fọkanáísà nìkan ló wà níbẹ̀. Fọkanáísà ní ọkùnrin náà ti lọ kírun àílà. A jókòó lábẹ́ igi emì. Mọ́mì ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí igi wáyà ti bó díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó lọ kírun padà, a ń rí wọn lójú ọ̀nà. Ọkùnrin náà kò sí láàárín wọn. Fọkanáísà ní kò ju kó ti yà sílé lọ jẹun, pé ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́sálásí, ó sì dìde.

"Kí n lọ pè é fún yín?"

"Má pè é," ni Mọ́mì wí kíákíá. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ka owó iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ kó bá òun fún ọkùnrin náà. "Jẹ́ kó jẹun. Iṣẹ́ ti tán. Akọ̀wé, jẹ́ ká máa lọ."

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Bí a bá dúró tí ó sì dé, tó ń nu ọbẹ̀ kúrò lẹ́nu, yóò di oníṣẹ́ gíláàsì lásán. Bí a bá dúró tí kò dé, yóò di pé òun ti lé e kúrò nílùú. Mo ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́, mo ṣí fèrèsé, a rọra jáde.

Eruku bò wá lójú ọ̀nà. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òtù kí Mọ́mì tó ní kí n dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó mú fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ẹ mú ọjọ́," ló wí. Ó gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tó bá wù yín. A ti sọ fún bàbá rẹ."

Mọ́mì wá na fóònù sí mi, ó ní ọmọ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyá òun gbọ́, "kí ni Mọ́mì ń sọ? Ṣé ara wọn yá?"

Mo wo Mọ́mì. Ó ti tú gèlè rẹ̀, ó ń gbọn eruku kúrò lára rẹ̀ lójú fèrèsé, ó sì ń kun orin ìyàwó kan lábẹ́ ahọ́n. Nínú gbogbo ohun tí mo lè sọ, mo wá èyí tí mo lè dúró tì.

"Ara wọn yá," ni mo wí. "Ẹ mú ọjọ́."