Obìnrin Tó Dá Ahọ́n-Oyin Lóhùn

Ní ilé ìfọṣọ ọsibítù náà, kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin yìí ní orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Ìwúrí ni gbogbo wọn ń pè é, yẹ̀yẹ́ ló sì kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di orúkọ. Láràárọ̀, kó tó wé ìborí mọ́rí, kó tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwúrí yó nínú fóònù. Bó bá ti dé ibi iṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pín in kiri.

"Ẹ gbọ́ o. Ahọ́n-Oyin ní ẹni tó bá mọ ohun tóun ń lé kì í bá oorun ṣọ̀rẹ́."

"Èmi mọ ohun tó ń lé mi," ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà á fèsì. "Ọmọ ọwọ́ mi ló ń gbá mi nípàá láti ìdájí."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ahọ́n-Oyin tí wọ́n ń wí yìí, ọkùnrin kan tó fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣiṣẹ́ ṣe ni. Inú gbọ̀ngàn ńláńlá ló ti máa ń sọ̀rọ̀, wọ́n á ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àwọn èèyàn á máa gbọ́ ọ lórí fóònù nínú ọkọ̀ àti nídìí ààrò. Àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí wọ́n ní ohùn ẹ̀ lè mú kí ọmọ tó ń sunkún gbàgbé ohun tó ń sunkún fún.

Ilé gígùn kan ni ilé ìfọṣọ, lẹ́yìn ọsibítù, níbi tí àlejò kì í dé. Ẹnu ọ̀nà kan ni aṣọ ìdọ̀tí ń gbà wọlé lórí kẹ̀kẹ́, tòun ti ẹ̀jẹ̀, èébì àti ohun tí kò yẹ kéèyàn máa fẹnu kà. Ẹnu ọ̀nà kejì ni aṣọ mímọ́ ń gbà jáde. Láàárín méjèèjì, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ga ju èèyàn lọ tò lọ bẹẹrẹ, ní ìparí wọn sì ni ẹ̀rọ ìlọṣọ wà: òpó irin méjì tó dùbúlẹ̀, tó gbóná janjan, tó ń yí lé ara wọn. Obìnrin méjì á na aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó tutù, wọ́n á ki etí rẹ̀ bọ irin náà lẹ́nu. Irin á gbé e mì, á sì pọ̀ ọ́ síta lódìkejì, ó ti gbẹ, ó ti tẹ́jú bí omi tí atẹ́gùn kò kàn. Ooru ibẹ̀ lè mú kéèyàn gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀.

Nígbà kan, iṣẹ́ yìí máa ń ti Ìyá Ìwúrí lójú. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní, "Ọsibítù ni mo wà," á sì gbé ìyókù mì. Ọjọ́ kan ló gbọ́ tí Ahọ́n-Oyin ní kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ pé, "Ta ni yóò jìyà bí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́ lónìí?" Ó dúró sójú kan. Ó ro obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó dùbúlẹ̀ sórí aṣọ tí òun lọ̀. Ó ro bàbá arúgbó tí ara ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, tí aṣọ tó bá kájọ lábẹ́ rẹ̀ lè dá egbò mìíràn sí i lára. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dáhùn pé, "Ilé ìfọṣọ ni mo wà," tí kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà ṣe é lóore.

Ọkọ rẹ̀, tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé fún ẹni tó bá pè é, kì í ka ọkùnrin inú fóònù náà sí. "Ṣé òun náà máa ń fọ abọ́ tó bá jẹun tán?" ló máa ń bi ìyàwó rẹ̀. "Àbí ó máa ń wú abọ́ lórí ni, tí abọ́ á fọ ara rẹ̀?"

Ẹni tó sún mọ́ Ìyá Ìwúrí jù níbi iṣẹ́ ni obìnrin kan tó dúdú tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní Adúmáadán. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ki aṣọ bọ ẹ̀rọ ìlọṣọ lẹ́nu, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Adúmáadán kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwúrí. "Ọ̀rẹ́ mi," á ní, "bí ọ̀rọ̀ bá lè lọ aṣọ, sọ fún un kó wá, kí èmi lọ jókòó."

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, ẹ̀rọ á dúró. Ṣùgbọ́n irin náà ti gbó, ó wá ń dá ẹ̀rọ dúró láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ sì ń falẹ̀. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ, ọkùnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbòmíràn, ní kí wọ́n tú u kúrò. Àwọn obìnrin ráhùn. Adúmáadán lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Oṣù ń gorí oṣù, kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá Ìwúrí gan-an ló wá pẹ̀tù sí wọn nínú. "Ẹ má jẹ́ ká máa fojú wá ìṣòro kiri," ó ní. "Ahọ́n-Oyin ní ibi tí ojú ẹni bá wà ni ẹsẹ̀ ẹni ń lọ." Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n bá dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣọ kan kájọ lẹ́nu irin. Adúmáadán nawọ́ kó fà á tọ́, bó ti máa ń ṣe, ni ẹ̀rọ bá mú etí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kàn wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ìyá Ìwúrí ló fò lọ sára ògiri, ló tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó gbé òpó irin sókè, ọwọ́ ti jó dé ọrùn ọwọ́.

Wọ́n gbé Adúmáadán lọ sókè, sí wọ́ọ̀dù. Nígbà tí Ìyá Ìwúrí lọ wò ó, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ náà rọ̀bọ̀tọ̀. Dókítà ní àwọn ò ní gé e, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí pé àwọn ìka á tún máa ká bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Sọ ọ̀kan fún mi nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin ẹ," Adúmáadán ní.

Ìyá Ìwúrí la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, kò rí ẹyọ kan fà yọ níbẹ̀.

"Kò wá," ó ní.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jókòó tì mí."

Ó jókòó. Ó rántí ọjọ́ tó ní kí wọ́n má fojú wá ìṣòro kiri. Ojú kọ́kọ́ tì í. Lẹ́yìn náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti nu ẹ̀rọ náà, wọ́n ti tún tan án, irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ò sì tíì padà síbẹ̀. Ọ̀gá kó wọn jọ. Ó ní òun rí i pé ọkàn wọn ti rẹ̀wẹ̀sì, pé iṣẹ́ ti ń wọ́lẹ̀, nítorí náà òun ti ṣètò ẹni tó máa wá gbé ọkàn wọn sókè. Ó wá dárúkọ Ahọ́n-Oyin. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ìwúrí. Bó bá ṣe ti tẹ́lẹ̀ ni, ì bá jó. Ó kàn mi orí ni.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ń họ sìmẹ́ǹtì kúrò lẹ́sẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Ṣé wàá lọ gbọ́ ọ?"

"Màá lọ. Mo ní ìbéèrè."

"Ìbéèrè lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni o."

"Mo mọ̀, bàbá wọn."

Ọkọ rẹ̀ da omi sẹ́sẹ̀. "Bí ilẹ̀ ò bá dọ́gba," ó ní, "bó ti wù kí táìsì dán tó, yóò sán. Lọ bi í."

Yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n to àga sí. Ahọ́n-Oyin kúrú ju bí Ìyá Ìwúrí ti rò lọ, bàtà rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, ṣùgbọ́n ohùn náà kò yàtọ̀, ara obìnrin náà sì ṣe gìrì nígbà tó gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà ní kò sí ohun tó lè dá ẹni tó mọ ìpinnu rẹ̀ dúró. Ó ní olùkọ́ ni ìrora. Ó ní kí wọ́n jọ sọ pé, "Mo lè ṣe é." Wọ́n sọ ọ́ bí ọmọ tí wọ́n ní kó kí àlejò. Ìyá Ìwúrí bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní ìbéèrè."

"Ìbéèrè ń bọ̀ nígbẹ̀yìn," ọ̀gá ní.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi mí," Ahọ́n-Oyin wí pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ ṣeun sà. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ yín. Ẹ ti bá mi gbé ẹrù tẹ́ ẹ ò mọ̀, torí náà, kì í ṣe ọ̀tá yín ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ wa pé ká bi ara wa, ta ni yóò jìyà bí mi ò bá wá síbi iṣẹ́. Mo ti bi ara mi. Ìkejì rẹ̀ lẹ ò kọ́ wa: ta ni yóò jìyà bí mo bá wá?"

Àga kan dún.

"Ọ̀rẹ́ mi wá síbi iṣẹ́. Kì í ṣọ̀lẹ, tẹ̀ríntẹ̀rín ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ jó ọwọ́ rẹ̀ nítorí wọ́n tú irin tó yẹ kó dáàbò bò ó. Ẹ ní olùkọ́ ni ìrora. Kí ló kọ́ ọ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ó ti lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Gbogbo wa la ráhùn. Èmi yìí ni mo fi ọ̀rọ̀ yín pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

"Jókòó," ọ̀gá ní.

"Mi ò ní jókòó, sà." Ó kọjú sí Ahọ́n-Oyin padà. "Ẹ ní ká sọ pé a lè ṣe é. A lè ṣe é. A ò ní ṣe é ni, títí irin yẹn á fi padà sí àyè rẹ̀."

Ahọ́n-Oyin yíjú sí ọ̀gá. "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n tú u?"

"Ọ̀rọ̀ abẹ́lé nìyẹn, sà."

Ọkùnrin náà gbé máìkì sórí tábìlì. "Mi ò mọ̀," ó ní.

Ìyá àgbà kan tó ń ṣa aṣọ ìdọ̀tí dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ wá mọ̀ báyìí."

Bóyá Ahọ́n-Oyin fẹ́ sọ nǹkan kan sí i, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, kò sì padà wá.

Àwọn obìnrin sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìfọṣọ, wọ́n jókòó sórí àwọn kẹ̀kẹ́ tó ṣófo. Ọ̀gá ní ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó dìde. Ìdí wọn lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ìdọ̀tí ti ń dé, tí ó ń ga, ọkàn Ìyá Ìwúrí ò balẹ̀. Obìnrin tó ń rọbí lókè kọ́ ló tú irin. Ó bá pe àwọn yòókù jọ. Wọ́n fà á, wọ́n tún un fà, wọ́n wá fẹnu kò: àwọn á fọ̀ ọ́, àwọn ò ní lọ̀ ọ́.

Wọ́n fọ aṣọ, wọ́n sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì kó o lọ sókè bó ti hunjọ bí ojú arúgbó. Aṣọ náà wá di ẹnu fún wọn. Aláìsàn ń bi nọ́ọ̀sì pé kí ló ṣe aṣọ. Nọ́ọ̀sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó wá wo aláìsàn ń gbé e délé. Kò pẹ́, ọ̀gá àgbà ọsibítù, tí ọ̀pọ̀ wọn ò rí rí, sọ̀kalẹ̀ wá. Ó wo ẹ̀rọ náà. Ó wo ihò tí irin ti kúrò. Ó bi ọ̀gá ilé ìfọṣọ ní nǹkan kan ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọ̀gá sì ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n fi irin tuntun sí i. Ìyá Ìwúrí fúnra rẹ̀ ló fi ìka kan án, ẹ̀rọ sì dúró. Ó tún un kàn, ó tún dúró. Àwọn obìnrin ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n wé ìborí wọn, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́.

Ọ̀gá ò gbàgbé. Láìpẹ́, ó gbé Ìyá Ìwúrí kúrò nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ, ó fi í sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣa aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Ó rò pé òórùn ibẹ̀ á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Obìnrin náà wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ó kí ìyá àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í ibi tó wà, á ní, "Ọ̀dọ̀ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n jù mí sí, mi ò sì kábàámọ̀." Ó ṣì ń gbọ́ Ahọ́n-Oyin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n báyìí, ó máa ń dá fóònù dúró lágbedeméjì, kó dá ọkùnrin náà lóhùn. "Irọ́ nìyẹn," á ní. Tàbí, "Èyí dáa." Tàbí, "Ta lẹ bi?"

Adúmáadán padà wálé iṣẹ́. Ìka méjì ò ká mọ́. Wọ́n fi í sídìí kíká aṣọ mímọ́, ó sì ń fi ìgúnpá ṣe ohun tí ìka kọ̀.

Nígbà tó ṣe, ọ̀gá tún pe ìpàdé. Ìròyìn ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé ó fẹ́ fi kún wákàtí iṣẹ́. Wọ́n jókòó. Ìyá Ìwúrí káwọ́ lé itan. Ọ̀gá hú ikọ́, kó tó la ẹnu, Adúmáadán ti na ọwọ́ tó jó náà sókè. Ọwọ́ mìíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e.

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀," ọ̀gá ní.

"A mọ̀, sà," Adúmáadán dáhùn. "Ìbéèrè la fẹ́ kọ́kọ́ bi."