Àga Yìí Lẹ́ni Tó Ni Ín

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nípa olóògbé Pan Hipolit Szczygieł ni ti ọjọ́ tí dírágónì tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá pa á níwájú ogunlọ́gọ̀. Ìlú Poznań ní ilẹ̀ Poland, níbi tí Pan ti túmọ̀ sí Ọ̀gbẹ́ni, ló ti ṣẹlẹ̀, níbi àfihàn eré kọ̀ǹpútà. Wọ́n pe bàbá náà sórí pèpéle kó wá ṣí eré tó kọ nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ọba Abẹ́ Iyọ̀ lorúkọ eré náà, eré akọni àti àǹjọ̀nnú, tí ìdajì àwọn tó wà níjòókòó ti fi ìgbà èwe wọn ṣe. Ó wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Ó kí tọ̀tún tòsì. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì yíjú kó fa àga. Kí ìdí rẹ̀ tó kan àga, akọni ti kú. Ó tún un tẹ̀. Akọni tún kú. Kọ̀ǹpútà òde òní ti yára jù, dírágónì tó yẹ kó máa wọ́ rìn bí ẹni tó jẹun yó ti di mànàmáná.

Ẹ̀rín sọ. Pan Hipolit gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ atọ́kùn. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ó ní. "Láyé tiwa, dírágónì máa ń ní sùúrù kó tó jẹni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìkánjú."

Lórí ìjòókòó iwájú, Brygida Mroczek fi ọwọ́ bojú. Òun ló mú bàbá náà wá. Òun ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Łódź, nínú ilé ìhunṣọ àtijọ́ tí òtútù ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, níbi tí wọ́n ti ń jí eré kọ̀ǹpútà àtijọ́ dìde: wọ́n á tún wọn ṣe, wọ́n á kọ́ wọn láti gbé inú ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á sì tún tà wọ́n fún ọmọ ayé òde òní. Ó ti jí eré tó pọ̀ dìde. Kò tíì rí èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ń bá a jà bí bàbá yìí.

Ìjà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé. Pan Hipolit gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó béèrè irú páálí tí wọ́n máa fi di eré náà.

"Pan Hipolit, kò sí páálí mọ́," Brygida ní. "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á."

"Kò sí páálí? Kí lèèyàn á wá gbé sábíyá délé?"

"Kò ní gbé nǹkan kan. Ṣe ló máa sọ̀ kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀."

"Láti òkè?"

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé láti òkè."

Bàbá wo àjà ilé títí. "Ó dáa," ó ní, ó sì mú bírò. "Bí Ọlọ́run ọ̀run bá fẹ́ bá mi tajà, èmi ta ni tí màá kọ̀?"

Ohun kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Nínú eré náà, ilé àlejò kan wà lábẹ́ òkè iyọ̀, tábìlì gígùn kan sì wà níbẹ̀ tí oúnjẹ kún orí rẹ̀. Gbogbo àga ló ní ẹni tó jókòó sí i, àfi ọ̀kan. Bí akọni bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan á yọ lójú ẹ̀rọ pé: "Àga yìí lẹ́ni tó ni ín." Ó tán. "Ẹ lè tún gbogbo ayé yẹn ṣe," Pan Hipolit ní, "ẹ lè fún dírágónì ní ìyẹ́ tuntun. Ẹ má yọ àga mi."

Brygida ṣèlérí. Ìlérí kò wọ́n nígbà tí tíì bá ṣì gbóná.

Òpùrọ́ ńlá ni Pan Hipolit, ẹ jẹ́ ká má fi òkú ṣe ẹlẹ́yà nípa pípa irọ́ mọ́ ọn pé kì í purọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà tí òun fi kọ eré náà gbóná débi pé Leokadia ìyàwó òun ń gbé ìyẹ̀fun búrẹ́dì lé e lórí kó lè wú. Ó ní ọjọ́ tí òun bá ti kọ iṣẹ́ dáadáa, búrẹ́dì náà á wú ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ó ní òun mọ orúkọ ìyá dírágónì.

Ṣùgbọ́n àwọn irọ́ rẹ̀ kan máa ń já sí òtítọ́, ìyẹn ló sì mú kó ṣòro láti bá a gbé. Ó ní eré òun àkọ́kọ́, èyí tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì láyé ìjọba kọ́múníìsì, ti kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rí. Àwọn ará ilé iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí Brygida bá obìnrin àgbà kan pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò Pan Hipolit, tí ìyá náà sì ní òun wà níbẹ̀. Leokadia ló yẹ kó mú kásẹ́ẹ̀tì orin Kérésìmesì wá, torí ẹni tó ń tẹ dùùrù ń ṣàìsàn. Kásẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló bá bọ̀ nínú báàgì. Wọ́n tan ẹ̀rọ, ariwo kọ̀ǹpútà sì bú jáde: kríí-kríí-ṣááà! Àwọn ìyá àgbà wólẹ̀. Àlùfáà sáré gbé omi mímọ́, ó wọ́n ọn sórí ẹ̀rọ títí ó fi dákẹ́.

Brygida padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé òun ò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Pan Hipolit mi orí. "Kò sí wàhálà. Ìwọ sọ fún mi, nínú gbogbo eré tó wà lọ́jà, èwo tún ni wọ́n ti fi omi mímọ́ yà sọ́tọ̀?"

Ẹni tó máa ń fi ẹnu gún un jù ni Tymon, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ Brygida, ẹni tí kò lè rí ọgbẹ́ kó má fi ata sí i. Lọ́jọ́ kan ó tọ́ka sí ibi tí eré náà ti ń kọ ọjọ́ tí èèyàn dáwọ́ dúró. "Pan Hipolit, ẹ wá wò ó. Eré yín ní ọdún 1900 la wà."

Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ó rí aṣọ tí o wọ̀ ni."

Ìṣòro dé nígbà tí àwọn tó ń dán eré wò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀sùn. Àga kan kò ṣeé jókòó sí. Onílé àlejò náà, bàbá oníkùn ńlá kan nínú eré, á dédé fi oúnjẹ sílẹ̀, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ó sọ nǹkan nù, akọni ò sì ní lè ráyè jáde. Ilé iṣẹ́ tó máa bá wọn tà á lókè òkun ní bí ìyẹn ò bá kúrò kí oṣù kìn-ín-ní tó parí, àwọn ò tà á mọ́. Bí wọn ò bá tà á, ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ Brygida á tì. Ó pe Pan Hipolit.

"Àga yẹn gbọ́dọ̀ kúrò," Tymon ní. "Kò wúlò fún nǹkan kan."

"Àga àlejò ni," Pan Hipolit dáhùn. "Ṣé nílé ìyá tìẹ, ẹ kì í tẹ́ àwo sílẹ̀ fún àlejò tí a kò retí ní Wigilia?"

"A máa ń tẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó wá rí."

"Tèmi máa ń wá. Ní alẹ́ Wigilia, tí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ bá yọ, tí kọ̀ǹpútà bá ti mọ̀ pé ọjọ́ náà ni."

Tymon di orí mú. "Alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì! Ẹ fi ohun tó dára jù nínú eré yín pamọ́ sí wákàtí kan ṣoṣo tí gbogbo ilẹ̀ Poland wà nídìí ẹja àjọ̀dún, tí kò sí ẹyọ ẹnìkan nídìí kọ̀ǹpútà?"

"Àlejò tí a kò retí ni," bàbá ní. "Bí ẹ bá ń retí rẹ̀, kí ló ń wá wá?"

Brygida yí ọjọ́ kọ̀ǹpútà sí ọjọ́ Wigilia, wákàtí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dúró. Àwọn ará ilé àlejò ń jẹun. Onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó wọlé. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Tymon, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú bàbá, ó gbé e mì.

Pan Hipolit ń wo ilẹ̀kùn inú ẹ̀rọ náà. "Mo mọ̀ pé kò ní wá," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Leokadia ló ya àwòrán rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yà nínú eré náà nìyẹn. Ọdọọdún ni àlejò náà ń wá, àwa méjèèjì á sì máa wò ó kí ọbẹ̀ tó tutù. Leokadia kú nígbà ìrúwé ọdún 2000. Wigilia ọdún yẹn, mo tan ẹ̀rọ. Àlejò kò wá. Kò tún wá mọ́ láti ìgbà náà. Mo gbà pé ó bá Leokadia lọ ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ ká fi àga náà sílẹ̀?" Brygida bi í.

"Ọmọ mi, a kì í torí pé àlejò pẹ́ ká gbé àga kúrò."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Brygida délé. Kì í pa Máàsì ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá tó bí i ti kú, ẹnu nìkan ló fi ń gbàdúrà. Ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tí kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dìde nínú ilé. Kò sọ ọ́ fún àlùfáà. Kò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ rárá. Ó fi àga náà sílẹ̀ títí di ìgbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló ń sún un síwájú.

Nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí àbẹ́là àjọ̀dún àwọn òkú ṣì ń jó lórí sàréè, Pan Hipolit sùn, kò jí. Àlùfáà tó sìnkú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n dáadáa. "Arákùnrin wa yìí," ó ní, "kò purọ́ rí láyé rẹ̀." Ìyá àgbà ọjọ́ kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ pòṣé. Kí wọ́n tó dé ìdí sàréè, gbogbo ènìyàn ló ń fi ìbọ̀wọ́ bo ẹ̀rín, omi sì ń dà lójú wọn.

Wọ́n padà sí ilé iṣẹ́. Ọjọ́ àdéhùn ti ń sún mọ́lé. Tymon jókòó ti eré náà láti yọ àga, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó ń fi ẹnu lásán ṣàwàdà kí ojú má tì í. "Ẹ wò ó, ọdún 1900 la ṣì wà. A ò tíì bí Pan Hipolit pàápàá."

Brygida gbé orí sókè. "Kí lo wí?"

"Mo ní a ò tíì bí—"

"Àlejò náà ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Nọ́ńbà méjì tó parí ọdún nìkan ni bàbá kọ́ eré náà láti máa kà, bí gbogbo wọn ti ń ṣe láyé ìgbà náà. Nígbà tí 99 parí tó di 00, eré náà padà sẹ́yìn lọ sí ọdún 1900, ó há síbẹ̀, ó sì ń sọ fún àlejò náà lọ́dọọdún pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Kò bá Leokadia lọ rárá. Ọdún kan náà ni nǹkan méjèèjì ṣẹlẹ̀ ni, ọkàn bàbá náà sì so wọ́n pọ̀.

"Ọlọ́run mi," Tymon ní. "Ì bá ti bi ẹnìkan."

"Pan Hipolit? Kó bi èèyàn?"

Tymon tún ìṣirò ọdún ṣe, ṣùgbọ́n Brygida kọ̀ kí wọ́n dán an wò. Ó ní òun á dúró de ọjọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Wigilia, tábìlì ìyá rẹ̀ kún débi pé ibi kan ṣoṣo ló ṣófo. Ibẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà sí.

"Brygida! Orí àwo àlejò!"

"Ẹ dákẹ́ ná, Màmá."

"Ìràwọ̀ ti yọ, ọbẹ̀ ń tutù, ìwọ ń ṣeré ọmọdé."

Lójú ẹ̀rọ, onílé àlejò fi oúnjẹ sílẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ohun tó ti ń lọ ṣe níbẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá nìyẹn. Obìnrin kan wọlé, yìnyín lórí gèlè rẹ̀, búrẹ́dì lábẹ́ aṣọ ní ọwọ́ rẹ̀, búrẹ́dì tó wú ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì dìde. Ó jókòó sórí àga náà. Ọ̀rọ̀ yọ: "Ẹ má bínú. Ọ̀nà jìn."

Brygida ń rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ojú ẹ̀rọ dáadáa.

"Ta nìyí?"

"Àlejò ni, Màmá."

Ìyá náà wo yìnyín orí gèlè yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ó fa abọ́ ọbẹ̀ bíìtì sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Jẹ́ kó jẹun ká tó máa bi í ní ìbéèrè," ó ní. "Gbàdúrà fún wa."

Brygida sì gbàdúrà. Ó gbà á pẹ́ débi pé ọbẹ̀ tutù.