Omi Tí Àbúrò Mi Kì Í Yára Dà Nù

Tí àbúrò mi bá fọ ife nínú kíṣìnnì wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í yára da omi àkọ́kọ́ nù. Ó máa ń gbé e sójú fèrèsé, kó wò ó dáadáa ná.

Àwọn ọmọ mi ní bọ́ǹbù ló ń ṣe níbi iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ amúnáwá, tí wọ́n ti pò mọ́ sìmẹ́ńtì títí ó fi le bí òkúta, ni wọ́n ń gbé wá sí láàbù tó ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi yóò lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, yóò rẹ ẹ́ sínú ásíìdì, kí yuréníọ̀mù inú rẹ̀, èròjà tí wọ́n fi ń mú iná wá, lè jáde fún àtúnlò. Nígbà kan tó ti rẹ̀ ẹ́, ó da omi tó fi fọ ìyẹ̀fun náà nù. Inú omi yẹn ni yuréníọ̀mù wà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ṣègbé.

Kí ó tó fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kó yọ yuréníọ̀mù inú òkúta kan tán pátápátá. Tó bá ti ibi iṣẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin dé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, mo máa ń bi í pé, "Ọ̀gá Láàbù, ṣé ó ti tán?"

"Àǹtí, ó ṣì ku díẹ̀ nínú rẹ̀."

Ní ọjọ́ tó ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn, mo tún bi í bí mo ṣe ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi.

"Èyí tó pọ̀ ti jáde, Àǹtí."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ẹ̀yin tíṣà! Ṣé gbogbo ọmọ kíláàsì yín ló gba ọgọ́rùn-ún? Mo ti fi ìyókù lé ẹni tó gba ipò mi lọ́wọ́. Mo ní kó má yára da omi nù."

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó fọ ife, ó sì da omi náà nù láì wò ó.