Gbogbo Wa Kọ́ Ni Ọmọ Ẹlẹ́ní

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, kí ẹ sì fi fóònù sílẹ̀ ná. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá bàbá mi ló ń ta ẹní ní Ìsọlọ̀, Ẹlẹ́ní ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìlú wa lápá Ọ̀yọ́ ló ti wá, ilé tó sì kọ́ gùn bí ilé ìwé. Ẹni tó bá dé láti òkè tí kò rí ibi sùn, yàrá wà fún un níbẹ̀. Mùsùlùmí ni o, onígbàgbọ́ ni o. Bí wọ́n bá wá mú ọmọ lọ sílé ìwé, tí tíṣà bi í pé, "Ọmọ ilé ta ni ẹ́?", ọmọ á ní, "Ilé Ẹlẹ́ní." Tíṣà á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Àwọn òbí ò bá a jiyàn. Ta ló ń wá orúkọ ìdílé kiri nígbà yẹn? Bí orúkọ náà ṣe ràn nìyẹn. Lónìí, ẹ pe Ẹlẹ́ní ní Ṣógúnlé, mẹkáníìkì kan á dáhùn. Ẹ pè é ní Àgọ́ Palace, dókítà kan á yọjú. Mi ò mọ wọ́n rí.

Kò kàn mí tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé, tí òun náà ń jẹ́ Ẹlẹ́ní. Àbúrò mi fò dìde.

"Èèwọ̀ ni! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ bàbá kan náà fẹ́ra wọn ni? Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi."

Ọmọ ọmọ mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Mo bi ọmọkùnrin náà ní oríkì orílẹ̀ wọn, torí ẹni tí oríkì orílẹ̀ wọn bá yàtọ̀ kì í ṣe ẹbí. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, wọn ò kọ́ wa." Mo bi í ní ohun tí wọn kì í jẹ nílé wọn. Ó ní kò sí.

"Ẹ ẹ̀ rí i?" àbúrò mi ní. "Òkúta nìkan ló kù tí wọn ò tíì jẹ."

Ó ku ìyá bàbá ọmọkùnrin náà ní Jakande. Orúnkún ń dùn mí, mo ṣáà gun àtẹ̀gùn ilé wọn. Àbúrò mi tẹ̀ lé mi, kí n má baà purọ́ fún un. Màmá ò dá ènìyàn mọ̀ dáadáa mọ́, mi ò sì bi wọ́n ní nǹkan kan. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn, mo bá kí i bí a ṣe ń kí ọmọ ilé tiwa: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ Oníkòyí."

Màmá lajú. "Èwo ni Oníkòyí? Ta ló ń sọ ìsọkúsọ yẹn? Ọmọ Òpómúléró ni! Yàrá ni Ẹlẹ́ní fún bàbá ọkọ mi, kò fún un ní oríkì."

Ni wọ́n bá ń kì í lọ, ohùn wọn ń gbọ̀n. Àbúrò mi ṣí fìlà.

Ẹlẹ́ní fẹ́ Ẹlẹ́ní, kò sí ẹni tó tún jiyàn.

Láyé àtijọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ ó ti máa gbọ́ tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń ki ọmọ rẹ̀ nínú yàrá. A jọ ń gbé ni, kò sẹ́ni tó ṣi ara rẹ̀ mú. Nísinsìnyí, orúkọ inú sáttífíkéètì ló kù.

Màmá ti lọ. Àwa la jogún ilé tó ń jò, àwọn ọmọ àlejò ilé jogún orúkọ wa. Ọmọkùnrin yẹn jogún "ọmọ Òpómúléró". Mo ní kó ki èyí tó kù nínú oríkì náà. Ó ní ibẹ̀ lòun mọ̀ ọ́n dé.