Abọ́ Ẹ̀wà Ìyá Ràzíátù

Gbogbo Aboabo, àdúgbò àwa àlejò nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Twi, ló ń pè é ní Ìyá Ràzíátù, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́fà rèé tí Ràzíátù ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kòsé, irú àkàrà kan, ló ń dín láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ ọmọ ti sú máa ń mú ọmọ wá bá a. Àwọn ẹlẹ́nu ṣóńṣó ní kó kọ́kọ́ wá ọmọ tirẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Yàrá wa kọjú síra, mo mọ bó ti ń ṣe é. Yóò gbé ẹ̀wà tó ti rẹ sínú omi sáàárín òbí àti ọmọ, yóò ní kí wọ́n jọ máa bó o. Òbí kò gbọdọ̀ lanu títí ọmọ yóò fi sọ̀rọ̀. Mo ti rí àlùfáà ńlá tó bó ẹ̀wà láti ìrun àìlà títí di àlásárì, tí ojú rẹ̀ le koko.

Lọ́dún kejì òmìnira ilẹ̀ náà, Bákàrè tó ń ta obì mú Tàíbátù ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí bàbá rẹ̀ bá fi Yorùbá pè é, Twi ló fi ń jẹ́. Ó ti pa ilé kéwú tì, ó ń yọ́ lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Efua ní Tafo. Bákàrè ti gba àyè fún un nínú mọ́tò Ìlọrin tó ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀h. Bẹ́ẹ̀ làwa ará Ìlọrin ṣe ń ṣe é: bí ọmọ bá yájú, a ó fi ránṣẹ́ sílé, àfi bíi pé ilé ìwòsàn ni Ìlọrin.

"Ẹ bá mi sọ fún un kó má sunkún lọ́nà," ni Bákàrè wí.

Ìyá Ràzíátù ní kó bó ẹ̀wà.

Wọ́n bó o títí. Nígbà tó yá, omijé Tàíbátù ń kán sínú abọ́. "Agya, mepa wo kyɛw," ló fi ń bẹ bàbá rẹ̀. "Ẹ má rán mi lọ. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

Bákàrè fẹ́ fèsì. Ìyá Ràzíátù gbọ́wọ́ sókè.

"Èmi náà rán tèmi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Mo ní ọdún kan péré. Wállàhì, wọ́n kọ́ ọ dáadáa, wọ́n sì fi í fọ́kọ níbẹ̀. Nígbà tó wá kí mi lọ́dún tó kọjá, ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ kúulé, Ìyá.' Ohunkóhun tí mo bá bi í, 'Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.' Ọjọ́ mẹ́ta ló lò, kò bá mi jiyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àlejò ni mo gbà, Bákàrè. Ọmọ mi ò tíì dé. Àárò rẹ̀ ń pa mí."

Bákàrè kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ni Efua ti kọ́ ọ?"

Twi ni Tàíbátù fi dáhùn, ó ń da Yorùbá díẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ dópin, kò sọ pé kó sọ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ló ní òun yóò lọ sọ fún awakọ̀ pé ọmọ òun kò lọ mọ́.

"Má jẹ́ kó gbé àyè yẹn fún ẹlòmíràn," ni Ìyá Ràzíátù wí. "Èmi ni n ó jókòó síbẹ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀h, mo sìn ín dé ìdí mọ́tò. Mo bi í pé kí ni yóò sọ fún Ràzíátù tó bá dé ọ̀hún. Ó ní òun kò ní sọ nǹkan kan.

"Mo fẹ́ kó bú mi ni," ó ní. "Kó bú mi tẹ́rùn."