Ọjọ́ Ìsinmi tí Bàbá Ìjọ Dá Nìkan Lé Òyà

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀ ní gbogbo Ṣakí, torí èmi nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti ẹni tó ṣe é.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, Mùsùlùmí sì ni mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ inú Bíbélì, ẹ wá sọ́dọ̀ mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́yìn ilé mi, fèrèsé mi gan-an ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn kọjú sí. Bàbá Ìjọ wọn wàásù lórí ẹni tó bá ṣàìgbọràn sí Ọlọ́run títí ó fi sú mi. Ó sọ ti wòlíì tí Ọlọ́run rán níṣẹ́ tó sá gba ibòmíràn lọ, tí ìjì fi dìde lójú omi, tí àwọn atukọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fi ń da ẹrù wọn sómi. Ó wá pariwo pé ẹni tó bá lọ sóko lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjì tiẹ̀ ń bọ̀!

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nínú ọyẹ́, mo lọ wo igi kajú mi lọ́nà Ìgbòho, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó. Oko Bàbá Ìjọ ló bá tèmi pààlà. Ta ni mo rí? Bàbá Ìjọ, ìṣáná lọ́wọ́!

Òyà pọ̀ nínú koríko etí oko rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá fẹ́ fi iná lé òyà, èrò rẹpẹtẹ ló ń yí igbó ká. A ó kọ́kọ́ ro etí rẹ̀ yí po kí iná má baà sá jáde, gbogbo ẹni tó bá sì dúró ló máa jẹ nínú ẹran. Bàbá Ìjọ ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun jẹ. Ó ránṣẹ́ sí ìjọ pé ibà dá òun gúnlẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ara mi ò yá."

"Ara tí ò yá ló wá fẹ́ dáná sungbó? Ẹ ò tíì ro etí igbó, ẹ wo kajú mi! Ẹ wo àká iṣu yín! Ṣebí gbogbo èbù tí ẹ fẹ́ gbìn lọ́dún yìí ló wà níbẹ̀?"

"Ìwọ ìmàle yìí, ojú ẹ ti pọ̀ jù. Ọlọ́run ló ń darí afẹ́fẹ́."

"Ọlọ́run tí ẹ sá fún láàárọ̀ yìí náà ni?"

Ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ṣáná.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yí padà. Iná fo koríko, ó gba inú abà rẹ̀, ó kọjú sí àká. Mo já ewé tútù, mo ń fi lu iná, apá mi le o, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì kì í paná ọyẹ́. Bàbá Ìjọ ń sáré kiri, ó ń pe Jésù.

Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ gbé oògùn ibà àti ògì gbígbóná délé rẹ̀, tí wọn ò bá a, èéfín ni wọ́n tẹ̀ lé dé oko.

"Bàbá, ṣé ibà ọ̀hún ti lọ?"

"Iṣẹ́ èṣù ni," ló wí.

Mo ní, "Èṣù wo? Ìṣáná ta ló wà lápò yín yẹn? Wòlíì tẹ ń sọ, ó kúkú jẹ́wọ́ fáwọn atukọ̀. Ẹ̀yin ń wá èṣù!"

Ó wò mí, ó wo àwọn ìyá ìjọ. Ó jókòó sínú eérú.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo dá a."

A bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó jóná. Àká iṣu méjì, tòun ti gbogbo èbù. Abà kan. Ewúrẹ́ méjì tó so mọ́lẹ̀. Alùpùpù tó gbé e wá. Igi kajú mi mọ́kànlá.